Kọ̀ǹpútà Kan, Òǹlò Méjì

Ojú obìnrin náà wà ní pípadé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí máòsì, omijé kan sì ń rọra ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bá a jà. Ohun tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí nìyẹn nígbà tó ti ilẹ̀kùn yàrá òkè, tí agboòrùn rẹ̀ ń kán tótó sórí ilẹ̀ pákó. Òjò ọ̀sán ń rọ̀ níta. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé rọ̀ bí òwú. Ó bà lé irun obìnrin náà, ó bà lé ẹ̀rọ dúdú tó dé mọ́ etí rẹ̀, ó bà lé ojú kọ̀ǹpútà ńlá tó wà níwájú rẹ̀, níbi tí ìlà tó ń fi ohùn ẹnì kan hàn ti dà bí òkè àti àfonífojì láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì.

Ó yẹ kó kan ilẹ̀kùn. Ó yẹ kó wúkọ́ díẹ̀, bí ọmọlúàbí ti í ṣe. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe láyé, ó ń wò ó.

Nígbà tó yá, obìnrin náà lajú.

"Ẹ ti ń dúró láti ìgbà wo?" Ó fa ẹ̀rọ etí náà sọ́rùn.

"Ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n wá gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ yín tí ọ̀sán bá ti pọ́n. Mo wá rí i pé ẹ ń sunkún, mo ní kí ẹ kọ́kọ́ sun ún tán."

Obìnrin náà fọwọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, ó sì rẹ́rìn-ín. "Èmi kọ́. Ẹni tó ń ka ìwé yìí ló fà á. Ó mí kanlẹ̀ kó tó ka ibi tí ìyá àgbà ti kú. Màmá Ọ̀gá ní kí n máa gé gbogbo èémí kúrò. Mò ń rò ó bóyá kí n gé èyí."

"Ẹ má gé e."

"Ẹ ò tíì gbọ́ ọ."

"Mo ti rí i," ni ọkùnrin náà wí, ó sì fi ìka tọ́ka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, níbi tí omijé náà gbà.

Obìnrin náà kò gé èémí yẹn. Ó wà nínú ìwé náà títí dòní, ẹni tó bá ní etí á gbọ́ ọ.

Ilé iṣẹ́ kékeré Màmá Ọ̀gá ni, níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé sínú ẹ̀rọ fún àwọn tí ojú wọn kò ríran. Tí òǹkàwé bá ka tirẹ̀ tán, obìnrin yìí ni yóò gba ohùn náà, tí yóò yọ ikọ́ kúrò, tí yóò yọ ìró àga àti ọ̀rọ̀ tí ẹnu ti kọsẹ̀. Etí rẹ̀ mú débi pé ó lè mọ̀ láti inú ohùn bóyá òǹkàwé ti jẹun. Elétí ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa tún àwọn ìwé kan náà tẹ̀ ní lẹ́tà gàǹgà-gàǹgà fún àwọn tó ń ríran díẹ̀. Òun náà ní orúkọ tí wọ́n fún un níbi tó ti ń bọ̀. Aláròyé ni, nítorí pé kò sí ètò kọ̀ǹpútà kan tí kò rí ẹjọ́ rò lórí rẹ̀. Kò tijú orúkọ náà.

Kọ̀ǹpútà gidi kan ṣoṣo ló wà nílé iṣẹ́. Elétí ló ni ín ní àárọ̀, Aláròyé ló ni ín láti ọ̀sán títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ ṣú. Ẹ mọ̀ pé ẹni méjì kì í sùn sórí ibùsùn kan kí wọ́n má fa aṣọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnì ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Elétí fẹ́ kí ìlà bọ́tìnì ojú kọ̀ǹpútà wà nísàlẹ̀, níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Aláròyé á gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ní àárọ̀, Elétí á dá a padà. Ní ọ̀sán, ó ti tún wà lósì. Lẹ́yìn náà ló kan ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Elétí fẹ́ kó mọ́ bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Fáìlì Aláròyé wà káàkiri bí aṣọ tí ìjì já lókùn. Ní ọjọ́ kan, obìnrin náà kó gbogbo wọn jọ sínú fódà kan, ó sì pè é ní "Ẹrù Onígbèsè". Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, ó bá fódà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n pè ní "Ẹ Ṣeun, Màmá". Ó ṣí i. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí tí Màmá Ọ̀gá fi yọjú láti ìsàlẹ̀ wá wo ohun tó dé.

Díẹ̀díẹ̀, Aláròyé bẹ̀rẹ̀ sí í dé kí àkókò rẹ̀ tó pé. Díẹ̀díẹ̀, Elétí bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó dìde. Tẹ́lẹ̀, kò sí àkókò kankan láàárín àárọ̀ Elétí àti ọ̀sán Aláròyé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n dá a sílẹ̀ lójú fèrèsé yẹn, tí wọ́n sì ń fi àríyànjiyàn fẹ̀ ẹ́.

"Ètò ìkọ̀wé tuntun yìí," Aláròyé á wí, "kí n tó kọ ọ̀rọ̀ tán, ó ti bá mi parí rẹ̀. Ohun tó sì fi parí rẹ̀ kọ́ ni mo ní lọ́kàn. Àbúrò mi máa ń ṣe báyìí ní kékeré. Ìjà ló ń dá sílẹ̀."

"Bóyá ẹ̀yin lẹ kì í tètè sọ̀rọ̀."

"Kàlẹ́ńdà ńkọ́? Ó lẹ́wà, mi ò purọ́. Àfi kó máa rán mi létí ìpàdé lẹ́yìn tí ìpàdé ti tú. Ẹ tún wo èyí tó ń kọrin. Mo ní kó kọ orin kan, ó ní òun rò pé òmíràn ni mo fẹ́ gan-an. Ta ló bi í?"

Elétí á gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, á máa wò ó. Òun fẹ́ràn ètò tó mọ ìwà ẹni. Ètò tó fi ń gé ohùn ti gbó, àwọ̀ rẹ̀ rí eérú-eérú, kò sí ohun tó fani mọ́ra lára rẹ̀. "Kò lẹ́wà," ni obìnrin náà wí, "ṣùgbọ́n kò sọ ohùn ẹnikẹ́ni nù rí. Mo lè gbé ọmọ fún un."

Aláròyé ní ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Ẹnu Òǹlò, níbi tó ti ń kọ èrò rẹ̀ nípa irú ètò bẹ́ẹ̀. Òfin kan ló fi dè é: ohun tí ọwọ́ òun kò bá lò, ẹnu òun kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Nítorí náà kò sí "wọ́n ní" níbẹ̀, kò sí "mo gbọ́ pé". "Mo" ló ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, òun náà ló ń parí rẹ̀. Àwọn tó ń kà á kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á gbọ́ nítorí òfin yẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, iná lọ. Elétí kò tíì lọ sílé, ó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé, ó ń díbọ́n pé òun ń dúró de òjò kó dá. Aláròyé gbọ́wọ́ lérí.

"Ó parí. Odindi orí kan. Mi ò tíì fi í pamọ́."

"Ẹ fara balẹ̀."

"Ẹ ní kí n fara balẹ̀? Ó ti lọ nìyẹn."

Nígbà tí iná dé, obìnrin náà nawọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì, ó ṣí ètò ìkọ̀wé tí ọkùnrin yìí ti ń bú láti ọjọ́ yìí wá. Gbogbo orí náà wà níbẹ̀ láìdín ọ̀rọ̀ kan.

"Ó ti ń bá yín fi í pamọ́ láti ọ̀sán," ni Elétí wí.

"Mi ò rán an níṣẹ́."

"Ìyẹn gan-an ló dára nínú ẹ̀." Ó fi ọwọ́ sílẹ̀ lórí máòsì. Òjò ń kán lórí páànù. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Nígbà tí mo kéré, mo máa ń sùn lọ sídìí tàbìlì tí bàbá mi ń gbé tàìpíràítà lé. Ìró rẹ̀ ló ń gbé mi sùn. Ìyá mi á wá, á fi aṣọ bò mí. Kò ní jí mi, kò ní bi mí bóyá òtútù ń mú mi. Tí mo bá jí, màá bá aṣọ lára mi, màá sì mọ̀ pé ó ti wá. Ètò tó dára, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Ìyá yín ńkọ́ báyìí?"

"Ó ti lọ. Aṣọ yẹn ló kù lọ́wọ́ mi. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí, ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún."

Àwọn méjèèjì gbọ́ "ìwọ" yẹn. Kò sí ẹni tó dá a padà sí "ẹ̀yin". Ọkùnrin náà di ọwọ́ obìnrin náà mú lórí máòsì, wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí tí ojú kọ̀ǹpútà fi ṣókùnkùn fúnra rẹ̀.

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí kì í ṣe olè, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí olè. Aláròyé délé, ọ̀rọ̀ náà ń rìn lọ́kàn rẹ̀ kiri. Ó jókòó láti kọ èrò tuntun nípa ètò ìkọ̀wé, láti gbà pé òun ti ṣì í bú. Nígbà tó dé ibi tó yẹ kó sọ ìdí rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn. Ojú ewé rẹ̀ kò mọ "ó", kò mọ "ẹnì kan sọ fún mi". "Mo" nìkan ló mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe bó ti máa ń ṣe. Ó kọ ọ́ pé: mo máa ń sùn lọ sídìí tàbìlì tàìpíràítà bàbá mi, ìyá mi á wá, á fi aṣọ bò mí. Ó kà á, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó rò pé ìfẹ́ ni. Ó gbé e jáde.

Kò sọ fún Elétí. Ó fẹ́ kó ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì mọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti wọ Aláròyé lára tó. Ìwà ọ̀dẹ̀ tí ìfẹ́ ń kọ́ ènìyàn pọ̀, àfi kí Ọlọ́run ṣàánú wa.

Ìfẹ́ wọn dàgbà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn bí ewé tó gbọ́ òjò. Lórí àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ ni Aláròyé ti sọ ọ́ jáde. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, mi ò sì ní ẹjọ́ kankan láti rò nípa rẹ."

"Dúró ná," Elétí fèsì, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. "O ò tíì lò mí pẹ́."

Bàbá Elétí ló kù tí kò tíì gbà. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé. Tàìpíràítà rẹ̀ ṣì wà lórí tàbìlì rẹ̀ ní pálọ̀, ó da aṣọ funfun bò ó bí ẹni tó ń sùn. Òun àti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé láti ìgbà tí ìyá ti kú.

"Aláròyé," ni bàbá wí, ó ń tọ́ orúkọ náà wò lẹ́nu. "Orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn?"

"Ìnagijẹ ni, bàbá."

"Ènìyàn kì í gba ìnagijẹ lásán. Ẹni tí nǹkan kan kì í tẹ́ lọ́rùn, ọjọ́ wo ló máa wá kàn ọ́?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tó ń kọ fún yín. Ẹ máa rí i pé kì í ṣe ìkà."

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni. Bàbá gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, Elétí jókòó sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń kà á láti orí fóònù pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó ń fi ọmọ rẹ̀ han àlejò. Bàbá rẹ́rìn-ín sí ti kàlẹ́ńdà. Ó rẹ́rìn-ín sí ti orin, ó tún un sọ fún ara rẹ̀: "Ta ló bi í?" Elétí rí i pé ọkàn bàbá ti ń rọ̀, ó sì ṣí èyí tó jẹ́ tuntun jù lọ, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì kà.

Ó kà á dé "mo máa ń sùn lọ sídìí tàbìlì tàìpíràítà bàbá mi." Ó kà á dé "ìyá mi". Ohùn rẹ̀ dúró.

"Máa kà á lọ," ni bàbá wí.

Kò lè kà á mọ́. Bàbá gba fóònù náà, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á parí fúnra rẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ gbé ọwọ́ lé aṣọ tó bo tàìpíràítà.

"Ìyá ta ni?" ló bèèrè. "Ìyàwó mi lẹni yìí kọ síbí."

Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ayé ṣe ń ṣe. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Aláròyé ń fò gun àtẹ̀gùn bí ọmọdé. Àwọn tó ṣe ètò ìkọ̀wé náà ti kà á. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti kà á. Wọ́n ní gbólóhùn ìyá àti aṣọ yẹn ni àwọn ti ń wá láti ọjọ́ yìí, wọ́n ní kí ẹni tó kọ ọ́ máa bọ̀ wá bá àwọn ṣiṣẹ́, kó máa sọ ọkàn òǹlò fún àwọn.

"Ayọ̀ mi, mo ti rí iṣẹ́ tí màá fi gbé àyà síwájú bàbá," ló wí lẹ́nu ọ̀nà.

Elétí jókòó, ẹ̀rọ etí wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì lajú sílẹ̀ gbangba. "Ìyá ta ló wà níbẹ̀?"

Ẹ̀rín náà kú lójú ọkùnrin náà. Ó jókòó sórí àpótí.

"Ojú ewé yẹn," ló wí nígbà tó yá, "'mo' nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mi ò rò ó pé..."

"Mo mọ̀ pé o ò rò ó. Ká ní o bèèrè ni, ǹ bá ti fún ọ. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Mo fún ìwọ nìkan, o sọ ọ́ di tìrẹ, o wá fún gbogbo ayé. Kò wá sí èmi níbẹ̀ mọ́."

"Màá pa á rẹ́. Nísinsìnyí." Ó nawọ́ sí máòsì.

"Kó wá dà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí? Bàbá mi ti gbọ́ ọ. Mo fi ẹnu ara mi kà á fún un." Elétí mú àpò rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò pariwo. "Ó ní ọjọ́ kan á kàn mí. Mo ní rárá."

Ní ọjọ́ kejì, ó bẹ Màmá Ọ̀gá pé òun fẹ́ máa tètè dé ní òwúrọ̀, kí òun sì máa lọ kí oòrùn tó kan àtàrí. Nígbàkígbà tí Aláròyé bá dé, àga náà ti tutù. Ìlà bọ́tìnì wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì níbi tó fi í sí. Kò sẹ́ni tó dá a padà. Fáìlì rẹ̀ wà káàkiri. Kò sẹ́ni tó kó o jọ. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè ṣàárò ẹni tó ń bá a jà tó bẹ́ẹ̀.

"Aláròyé, o ò ráhùn mọ́," ni Màmá Ọ̀gá wí fún un. "Ṣé ara ò yá ni?"

Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó lọ bá bàbá nílé, ní àkókò tó mọ̀ pé Elétí kò sí. Ó tẹríba lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Èmi ni..."

"Ìwọ lo gba ìyàwó mi ṣe ìyá."

"Èmi ni, sà. Mo wá bẹ̀ yín. Kì í ṣe nítorí ọmọ yín nìkan. Nítorí ìyá náà ni."

Bàbá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó wọlé, ó ká aṣọ kúrò lórí tàìpíràítà. "O mọ èyí?"

"Mi ò lò ó rí."

"Má sọ èrò rẹ nípa rẹ̀ nígbà náà. Jókòó. Tẹ nǹkan tó o fẹ́ sọ fún mi."

Aláròyé jókòó. Bọ́tìnì náà le, ó ń dún gbà gbà gbà. Ó tẹ "ẹ jọ̀wọ́", ó ṣì í tẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wá nǹkan kiri.

"Kí lò ń wá?"

"Ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́, sà."

"Kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀. Tí o bá ṣìṣe níhìn-ín, wàá padà sẹ́yìn, wàá tẹ x lé e lórí, wàá wá kọ èyí tó tọ́ síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá kà á á rí àṣìṣe, á sì rí àtúnṣe. Mo ti fi gbogbo ayé mi kọ̀wé bẹ́ẹ̀." Bàbá rọra jókòó. "Ọmọ mi sọ pé o fẹ́ pa á rẹ́. Ìyàwó mi ni wàá pa rẹ́ níbẹ̀ o, lẹ́ẹ̀kejì."

Aláròyé padà sẹ́yìn, ó tẹ x, ó tẹ x, ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi máa dìde, bébà náà ti kún fún x débi pé ojú ń ro ẹni tó bá wò ó, ṣùgbọ́n "ẹ jọ̀wọ́" kan tó pé pérépéré wà nísàlẹ̀.

Elétí kò fẹ́ ka Ẹnu Òǹlò mọ́ láyé rẹ̀. Bàbá ló ní kó ṣí i. "Kà á fún mi," ló wí. "Awò ojú mi sọnù." Awò ojú náà wà lórí rẹ̀. Ó gbé e sí iwájú orí.

Obìnrin náà ṣí i. Gbólóhùn ìyá àti aṣọ náà wà níbẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fa ìlà gbọọrọ lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ọkùnrin náà kọ ọ̀rọ̀ sí. Elétí kà á sókè.

"Mi ò pa á rẹ́, kí ẹ lè máa rí ohun tí mo ṣe. Ìyá tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ìyá mi. Ìyá mi wà láyé. Kò fi aṣọ bò mí rí, ńṣe ló máa ń jí mi kí n lọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì bí ènìyàn. Ẹnì kan ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí iná lọ, ó ní òun kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀ láìbèèrè. Ẹ̀yin tí ẹ yìn mí nítorí gbólóhùn yìí, ẹ gba ìyìn yín padà. Àwọn tó fún mi níṣẹ́ nítorí rẹ̀, mo ti dá iṣẹ́ wọn padà, mo ti sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹni tí wọ́n ń wá, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ àfi tó bá ní kí n dá a. Mo sọ pé ohun tí ọwọ́ mi kò bá lò, ẹnu mi kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá èyí tí ọwọ́ mi lò. Mo kàn fẹ́ràn ẹni tó ni ín ni."

Àwọn kan ti bú u nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní àwọn kò ní kà á mọ́. Kò pa ọ̀kankan rẹ́.

Elétí gbé fóònù sílẹ̀, ó fi ojú pamọ́ sí orúnkún bàbá rẹ̀.

"Ó ráhùn nípa ara rẹ̀," ni bàbá wí, ó ń fọwọ́ pa á lórí. "Mi ò rí aláròyé tó ṣe irú ẹ̀ rí."

Nígbà tí Aláròyé gun àtẹ̀gùn lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ń retí àga tó tutù. Ó ti ilẹ̀kùn. Elétí jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ wà ní pípadé, ẹ̀rọ etí wà létí rẹ̀. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, ó sì bà lé e ní gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ òjò ti bà lé e lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọkùnrin náà kò mí.

"Máa mí," ni obìnrin náà wí láìlajú. "Èmi kì í gé e."

Ó dìde, ó fún un ní àga. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́ bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ìlà bọ́tìnì ti padà sí ìsàlẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo ló wà láàárín, ó ń jẹ́ "Èrò Òǹlò". Aláròyé ṣí i.

"Ó máa ń pẹ́ kó tó ṣí," ni wọ́n kọ síbẹ̀. "Ó ń ráhùn ju bó ti yẹ lọ. Ó ń da ẹrù káàkiri. Ó sọ nǹkan mi nù lẹ́ẹ̀kan, nǹkan tí mi ò lè rí ra. Ṣùgbọ́n ó padà lọ wá a, ó gbé e bọ̀, ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé rí ibi tó ti sọ ọ́ nù. Mo ti lo oríṣiríṣi ètò, mi ò rí èyí tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò ní yọ ọ́ kúrò."

Ó kà á tán, ó tún un kà. Lẹ́tà ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lójú rẹ̀.

"Àtúnṣe wà tó o fẹ́ kí n ṣe?" ló bèèrè.

"Ó pọ̀."

"Ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni. Ó lè gbà wá títí a ó fi darúgbó."

"Ṣé kí n lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá?"

"Bàbá ti ń dúró dè ọ́. Ó ní o fi x ba bébà òun jẹ́, kí o wá san án." Elétí bá fi orí lé èjìká rẹ̀, ọkùnrin náà sì dì í mú.

Àwọn tó ṣe ètò ìkọ̀wé náà gbọ́ orúkọ Elétí nígbà tó gbà kí Aláròyé dá a. Ó gba iṣẹ́ wọn, ó ní àfi kí òun máa ṣe é láti yàrá òkè yẹn. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó nínú pálọ̀ bàbá, pẹ̀lú ìwọ̀nba ènìyàn. Òǹkàwé tó mí kanlẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ni wọ́n bẹ̀ kó ka ọ̀rọ̀ ìlérí fún wọn. Ó mí kanlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ìyàwó sì bú sẹ́rìn-ín láàárín gbogbo ènìyàn. Ẹnu Òǹlò ṣì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òǹlò méjì ló ń kọ ọ́ báyìí, wọn kì í sì í fohùn ṣọ̀kan. Gbólóhùn tó ní ìlà lórí ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, tí òjò ń rọ̀, Elétí wọ yàrá tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tiwọn sí. Ọkọ rẹ̀ ti sùn lọ. Orí rẹ̀ wà lórí apá, ìka rẹ̀ kan tẹ bọ́tìnì kan mọ́lẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo sì ń sáré lọ lójú kọ̀ǹpútà láìdúró, ìlà dé ìlà. Obìnrin náà rọra gbé ìka náà kúrò. Ó lọ ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, ó mú èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, aṣọ tí fífọ̀ ti mú kó tínrín.

Ó fi bò ó. Kò jí i, kò bi í bóyá òtútù ń mú un. Tó bá jí, á bá aṣọ náà lára rẹ̀, á sì mọ̀ pé ó ti wá.